ÀMÁÁNÀ NI OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ILẸ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ilẹ̀, tó sì fi ọrọ̀ pamọ́ sínú rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad (s.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàháábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ta ni ó wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kìíní 2024, tí yóò gbàgbé ìró tó dún láàrin Màgíríbì àti Iṣáì? Bódìjà ló ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní Bẹẹrẹ gbọ́ ọ. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ló kó ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta sínú ilé kan níbẹ̀. Èèyàn 5 ló kú, ọ̀pọ̀ ló fara pa, ilé púpọ̀ sì wó.

Àwọn kan yóò wí pé: "Aáfà, ọ̀rọ̀ ìjọba lẹ mú wá yìí, kí ló kan kéú níbẹ̀?" Ó kàn án púpọ̀.

Abyad ọmọ Hammal wá bá Ànọ́bì (s.a.w.), ó ní kí ó fún òun ní ibi tí iyọ̀ wà ní Ma'rib, nílẹ̀ Yẹ́mẹ̀nì. Ànọ́bì fún un. Nígbà tí ó pẹ̀yìn dà, ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó ṣàlàyé pé iyọ̀ náà dà bí omi tí kì í gbẹ. Ànọ́bì sì gbà á padà. Abu Dawud àti Tirmidhi ló gba hádíìsì yìí wá. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ohun tí gbogbo ìlú ń jẹ, a kì í fi ta ẹnì kan lọ́rẹ, bí aláṣẹ bá sì rí i pé òun ṣì í fún, kí ó gbà á padà láìtijú.

Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ṣẹ́gun Iraaki, àwọn ọmọ ogun ní kí wọ́n pín ilẹ̀ náà fún àwọn. Umar (r.a.) kọ̀. Ó fi Súrà Al-Hashr ṣe ẹ̀rí, níbi tí Ọlọ́hun ti dárúkọ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí a bá pín in tán lónìí, kí ni wọn yóò bá? Ilẹ̀ oko nìyẹn o, tó ń so lọ́dọọdún. Kí ni ká wá sọ nípa kùsà, tí a bá wà á lẹ́ẹ̀kan tí kì í hù mọ́?

Ànọ́bì tún kọ̀ fún wa láti ni ẹlòmíràn lára. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, wọ́n ń lọ òkúta wúrà láàrin ilé. Òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ wọ oúnjẹ àti omi, ó sì pa ọmọdé tó tó 400. Àwọn bàbá wọn kò jalè. Ìṣẹ́ ló lé wọn débẹ̀, àìmọ̀ àti àìsí àbójútó ló sì ṣe ìyókù.

Òfin kùsà ilẹ̀ wa ti 2007 fi kùsà sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí ilé iṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ bá ìlú ṣe àdéhùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ó sì tún ilẹ̀ tó gbẹ́ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì, ẹ lọ ka òfin yìí, kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn òbí yín ní Kómú àti Ìgbẹ́tì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò òkúta iyebíye ní Òjòó, ẹ bèèrè ibi tí ọjà yín ti wá: ọwọ́ ọmọ tó yẹ kó wà ní ilé ìwé ha kọ́ ló wà á?

Ẹni tó bá sì mọ̀ pé aládùúgbò òun ń kó ẹ̀tù sílé, kí ó má dákẹ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ní Bódìjà, àwọn mìíràn kò jí mọ́.

Ọ̀la, a lè fi àwọn kan nínú yín ṣe kọmíṣọ́nnà tàbí mínísítà. Ẹ rántí iyọ̀ Ma'rib. Kí Ọlọ́hun forí ji àwọn òkú wa, kí Ó má fi àmáánà dójú tì wá. Āmīn.