Ìdérí Kúlà

Ìdérí kúlà ló dá ìjà náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yá àbúrò rẹ̀ ní kúlà, àbúrò dá a padà láìsí ìdérí, ló bá di pé ọmọ ìyá méjì ò kí ara wọn mọ́. Àwa àgbà díẹ̀ la lọ bá wọn dá sí i n'Ìbàdàn. Ìdí wa ò tí ì balẹ̀ lórí àga tí ẹ̀gbọ́n fi nu ọwọ́ epo mọ́ ìró, ó yọ fóònù, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín, bàbá." Ó ń fi ìka ti ojú fóònù náà sókè: Iléyá tó kọjá, àbúrò ò pè é, ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, "ẹ kú ìtọ́jú" lásán ló fi ránṣẹ́. "Àmì búlúù rèé, bàbá! Ó ka ọ̀rọ̀ mi, kò fèsì."

Inú bí mi. Láti 2014 tí WhatsApp ti gbé àmì búlúù méjì yẹn jáde ló ti di ẹ̀rí tí àwọn kan gbà gbọ́ ju ìbúra lọ. Ta ló mọ̀ bóyá ẹni tó ṣí ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́yìn ọ̀kadà, tàbí ọbẹ̀ ló ń jóná mọ́ ọn lórí iná? (Àbúrò náà jẹ̀bi o. Ìdérí ò sọnù, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀ ló wà.)

Ẹ̀gbọ́n yìí a máa kúnlẹ̀ kí àgbà, ó lawọ́, kì í purọ́. Ìdí nìyẹn tó fi dá a lójú pé ọmọlúàbí lòun. Ṣùgbọ́n kò ní àmúmọ́ra, kí wá ni agbo ẹbí fẹ́ fi òtítọ́ rẹ̀ ṣe? Wọ́n ní bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rí ẹni bá ṣeré. Òun ò gbàgbé, ó tún ya àwòrán rẹ̀ pamọ́.

Ìyá mi bá orogún gbé ilé kan. Bí orogún náà bá bu omi nínú àmù ìyá mi láìtọrọ, ìyá mi á ní, "Ó ṣì í mọ̀ sí tiẹ̀ ni." Irọ́ ni. Àmù kan wà ní ìloro, èkejì wà lẹ́yìnkùlé. Afọ́jú ò lè ṣì wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn ló jẹ́ kí àwa ọmọ wọn ṣì máa jẹun nínú abọ́ kan títí dòní.

Bí ẹ bá rò pé àgbà ò gbọ́dọ̀ gbójú fo nǹkan, ẹ wo ohun tó bá Ọ̀rúnmìlà. Ìtàn Ifá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ nípa rẹ̀ ní 1975 sọ pé Ìwà, ọmọ Sùúrù, ni aya rẹ̀. Arẹwà ni, àmọ́ ọ̀bùn ni. Ọ̀rúnmìlà ráhùn títí Ìwà ò fi sí nílé rẹ̀ mọ́. Kò pẹ́, iyì lọ, àwọn tó ń yí i ká túká. Ló bá gbé ẹ̀kú wọ̀, ó ń ti ilé Alárá dé ilé Ajerò, ó ń béèrè aya. Ẹlẹ́rìí ìpín o! Nítorí ìdọ̀tí tí ìgbálẹ̀ àti omi lè yanjú.

Wọ́n á ní ẹni tó bá ń gbójú fo nǹkan ni ayé ń rẹ́ jẹ. Ó ń ṣẹlẹ̀, mi ò jiyàn. Ẹni tó kó owó àjọ sá lọ, ọkọ tó ń na ìyàwó, ẹ má pe ìyẹn ní kékeré. Ẹ gbé e tọ mọ́gàjí lọ. Bí kò bá gbọ́, kóòtù wà níbẹ̀, n ó sì tẹ̀lé yín lọ jẹ́rìí.