Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí á jùmọ̀ gbé yẹ̀ wò. Bí ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún bá hùwà àìdáa, tí ọlọ́pàá sì dé, níbo ni agbára tí ọlọ́pàá lè lò mọ? Àwọn kan ń sọ pé ọmọ tí kò gbọ́ ti ilé, ti ìta ni yóò gbọ́, kí ọlọ́pàá lù ú bí ó bá ti wù wọ́n. Àwọn mìíràn ń sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ rárá. Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ni ó kù díẹ̀ káàtó.

Àwa ará etí òkun Ìlàjẹ kò ní láti lọ jìnnà kí á tó rí àpẹẹrẹ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún gun ibùdó ìwapo Parabe tí iléeṣẹ́ Chevron ń lò lójú òkun. Kì í ṣe ọmọdé ni gbogbo wọn. Ẹ̀dùn ọkàn wọn ni pé omi iyọ̀ ti wọ inú omi tí wọ́n ń mu, iṣẹ́ ẹja ń bàjẹ́, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, hẹlikópítà tí iléeṣẹ́ náà ń háyà gbé sójà àti ọlọ́pàá wá. Ìbọn dún. Ènìyàn méjì kú, àwọn mìíràn fara gbọgbẹ́.

Iléeṣẹ́ náà sọ pé wọ́n mú àwọn òṣìṣẹ́ òun ní ìgbèkùn ni. Àwọn tí wọ́n lọ sọ pé àwọn kò mú ohun ìjà dání, ìpàdé ni àwọn ń fẹ́. Ẹjọ́ náà, tí a mọ̀ sí Bowoto àti Chevron, dé kóòtù San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, àwọn ará ìlú tí kóòtù yàn láti dá a sọ pé iléeṣẹ́ náà kò jẹ̀bi. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2010. A kò fẹ́ tún ẹjọ́ yẹn dá. Ìbéèrè tí à ń bèèrè gbòòrò ju ti iléeṣẹ́ kan lọ: bí a bá tilẹ̀ gbà pé ènìyàn ṣẹ̀, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n agbára tí a ó lò fún un?

Èrò wa ni pé rárá. Ohun méjì ni ọ̀pọ̀ wa ń dà pọ̀: dídá ènìyàn lọ́wọ́ kọ́, àti fífi ìyà jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni kí ó dá a lọ́wọ́ kọ́, kí ó sì mú un lọ síwájú adájọ́. Ìyà, bí ó bá tọ́ sí i, ọwọ́ adájọ́ ni ó wà. Nítorí náà, ewu tí ó wà nílẹ̀ ní wákàtí yẹn ni òṣùwọ̀n agbára ọlọ́pàá. Bí ọmọ bá yọ àdá sí ènìyàn, kí ọlọ́pàá dì í mú gírígírí, a kò ní bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti ju àdá sílẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò dínkù, ewu ni ó tán. Gbogbo ìgbájú àti kóńdó tí ó bá tẹ̀ lé e, ìyà ni, ẹni tí kò ní àṣẹ ni ó sì ń fi jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àfojúdi. Ó burú, ó ń bí ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n kò dá ọgbẹ́ sí ẹnikẹ́ni lára.

Òfin náà kò jìnnà sí èyí. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbà kí a lo agbára kìkì ìwọ̀n tí ó bá jẹ́ dandan. Ìlànà tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ṣe ní Havana ní 1990 sọ pé ìbọn tí yóò pa ènìyàn kò tọ́ àyàfi láti gba ẹ̀mí là, nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀, tí ó jáde ní 2003, sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, adájọ́ pàápàá kò gbọdọ̀ pàṣẹ kí a nà án ní ẹgba. Bí adájọ́ kò bá lè pàṣẹ ẹgba, ta ni ó wá fún ọlọ́pàá ní àṣẹ láti nà án lẹ́yìn káńtà?

Lórí omi, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ojú inú wo ọmọ ọdún 16 kan tí ó jí ẹja nínú àwọ̀n ẹlòmíràn lóru, tí ọkọ̀ ọlọ́pàá sì gbá tẹ̀ lé e. Ìbọn tí wọ́n yìn sókè láti fi dẹ́rù bà á lè mú kí ó bẹ́ sódò. Ìgbì tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ńlá dá sílẹ̀ lè da ọkọ̀ kékeré dé. Ẹja ni ó jí, ẹ̀mí ni ó fi san án. Bẹ́ẹ̀ sì ni a mọ ilé bàbá rẹ̀, a lè dúró di àárọ̀.

A gbà pé ọlọ́pàá náà ọmọ ènìyàn ni. Ajínigbé àti olè ojú omi wà ní ẹkùn wa lóòótọ́, ìbọn sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù tí ń ba ọlọ́pàá kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ní 1992 ni wọ́n dá ẹ̀ka SARS sílẹ̀ láti kojú àwọn adigunjalè. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ìjọba tú u ká, nítorí àwọn ọ̀dọ́ jáde káàkiri ilẹ̀ wa pé wọ́n ń tìtorí irun orí, aṣọ àti fóònù sọ àwọn di olè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Mélòó nínú wa ni ó ti fa ọmọ rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, tí ó ní, “Ẹ bá mi nà án kí ó gbọ́n”? Mélòó ni ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń lu ọmọ ẹlòmíràn? Ọjọ́ tí a fi ọwọ́ ara wa fún wọn ní ẹgba náà ni a ti sọ ẹnu wa nù. Ọmọ wa ni kí á kọ́ nílé. Bí wọ́n bá sì mú un, kí á tètè dé ibẹ̀, kí á fi sùúrù béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn, kí á sì rí ara rẹ̀ kí á tó padà sílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò fún yín ní ìwé àṣẹ ìwàkiwà. Ẹni tí ó ṣẹ̀ yóò jẹ́jọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó wà láàyè láti jẹ́ ẹ. Orí ń fọ́ wa lóòótọ́ ní ìlú wa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bẹ́ orí kò wo orí fífọ́ sàn. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọmọ tí ń gbọ́ràn, kí ó sì fún wa ní ọlọ́pàá tí ó mọ ìwọ̀n.