Máàkì Ni Ọmọ Ń Kà, Tàbí Ìwé?



Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa ní Àgbádárìgì. Ilé-ìwé rẹ̀ ní ètò kan: ìwé kan tí ọmọ bá kà tán, máàkì kan, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò gba ẹ̀bùn nígbà tí wọ́n bá wọlé. Mo kó ìwé jáde fún un. Kò wo àkọlé ọ̀kankan. Ó ń fi ìka wọn bí wọ́n ti nípọn tó, èyí tó fẹ́lẹ́ jù ló sì mú. Ní ọjọ́ mẹ́ta ó ti ka mẹ́fà. Mo bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìjàpá inú ìwé àná. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀."

Ẹ má jẹ́ ká bínú sí ọmọ. Àwa àgbà la sọ fún un pé iye ni à ń wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, láti 1984 ni ilé oúnjẹ Pizza Hut ti ń fún ọmọ tó bá ka ìwọ̀n tí olùkọ́ yàn fún un lóṣù ní oúnjẹ ọ̀fẹ́. Ètò mìíràn wà níbẹ̀, Accelerated Reader, tí kọ̀ǹpútà ti ń bi ọmọ ní ìbéèrè lórí ìwé tó kà, tí máàkì ìwé kọ̀ọ̀kan sì wà ní ìbámu pẹ̀lú bí ó ti gùn àti bí ó ti le tó. Ìyẹn lè dí ọ̀nà ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìfẹ́ ìwé ńkọ́?

Ní 1973, Lepper, Greene àti Nisbett dán àwọn ọmọ jẹ́léósinmi kan tó fẹ́ràn àwòrán yíyà wò. Wọ́n ṣèlérí ìwé-ẹ̀rí onírìbọ́ọ̀nù fún apá kan. Apá kejì kàn rí i gbà lójijì. Apá kẹta kò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, àkókò tí àwọn tí a ṣèlérí fún ń lò nídìí àwòrán kò ju nǹkan bí ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tó gbà á lójijì kò pàdánù ohunkóhun. Lójú tèmi, kì í ṣe ẹ̀bùn ló bà á jẹ́, ìdúnàádúrà ni.

Ẹnìkan yóò ní, ilé-kéwú wa ńkọ́, tí à ń ṣe sàrá bí ọmọ bá dé ibì kan nínú Kùránì, tí à ń pa àgbò fún wòlímọ̀? Òótọ́ ni. Kí n má purọ́, àkàrà ló kọ́kọ́ fà mí dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ ń jẹ àkàrà yẹn, olódo àti ọlọ́gbọ́n. Kò sẹ́ni tó ń kọ iye rẹ̀ sára ògiri. Àlùfáà sì jókòó tì wá, ó ń gbọ́ ohun tí à ń kà. Ta ló ń gbọ́ ti ọmọ tó ń kó máàkì jọ?

A ti mọ̀ láti kékeré pé àníyàn la fi ń wọn iṣẹ́. Àníyàn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò tíì dúró. Àwa la ń mọ ọ́n bí amọ̀. Bí a bá fi ọjà mọ ọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ ta ni?

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin mo mú ìwé kan tó nípọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí i létí. Ibi tó dùn jù ni iná ti lọ. Nígbà tí mo kírun àárọ̀ tán, mo bá a lábẹ́ igi àgbọn, ìwé náà wà lórí itan rẹ̀. Mi ò bi í bóyá ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.