Orúkọ Àìsàn Nínú Ìwé: Ẹ̀rí Ta Ni?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó bá jẹ́ àìsàn ni a fẹ́ sọ lórúkọ ńkọ́, kí ni ó yẹ kí a wò?

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ ọdún mẹ́rin kan tí ìyá rẹ̀ gbé dé ilé ìwòsàn ní ìgbà ọyẹ́. Àyà rẹ̀ ń súfèé, mímí sì nira fún un. Nọ́ọ̀sì tọ́jú rẹ̀, ó sì kọ « bronchite » sínú ìwé ìlera rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní carnet. Lẹ́yìn oṣù kan, ọmọ náà padà wá. Ẹlòmíràn ni ó bá lẹ́nu iṣẹ́, òun náà sì kọ « bronchite ». Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, « rhume » ni wọ́n kọ. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka ìwé náà láti ojú ewé àkọ́kọ́ yóò fura pé àìsàn kan ṣoṣo ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀, àti pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ikọ́ fée, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní asthme. Ọmọ náà ti lo oògùn apakòkòrò títí, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì sí ẹni tí ó fún un ní oògùn tí a ń fín sẹ́nu kí ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, akọ̀wé kan wà lẹ́yìn dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ohun tí dókítà kọ di àmì kúkúrú. Inú ìwé ńlá kan tí a ń pè ní CIM ní èdè Faransé ni àwọn àmì náà ti wá. Jacques Bertillon, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1893, kí a lè máa ka ohun tí ń pa ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì gba iṣẹ́ náà ní 1948. Nínú ẹ̀dà kẹwàá, J45 ni ikọ́ fée. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ara kọ̀ ni ó fà á, J45.0 ni; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, J45.1, bí méjèèjì bá dàpọ̀, J45.8. Bí dókítà kò bá sọ ju orúkọ àìsàn náà lọ, J45.9 ni: « asthme, sans précision ». Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ẹ̀dà tiwọn, tí wọ́n ń lò láti 2015: bí àìsàn náà ti wúwo tó ni tiwọn ń béèrè, kì í ṣe ohun tí ó fà á. Àìsàn kan náà, ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣé dókítà sì máa ń sábà kọ ìdáhùn sí ìbéèrè tí ìwé kò bi í?

Òfin kan wà lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà yìí tí ó mú wa ronú jinlẹ̀. Akọ̀wé àmì kò gbọdọ̀ fi òye tirẹ̀ kún ohun tí dókítà kọ. Bí ó tilẹ̀ rí i pé oògùn ikọ́ fée ni wọ́n fún aláìsàn, bí dókítà kò bá dárúkọ àìsàn náà, kò gbọdọ̀ bá a dárúkọ rẹ̀. Kí ó padà lọ bi í ni. Bí dókítà bá sì kọ pé « ó jọ ikọ́ fée » fún ẹni tí kò sùn sí ilé ìwòsàn, ohun tí a rí nìkan ni akọ̀wé yóò kọ: R06.2, èémí tí ń súfèé. Ẹni tí kò fojú rí i kò lè jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá aláìsàn dúró sí ilé ìwòsàn, tí ìfura náà sì wà títí di ọjọ́ tí ó ń lọ sílé, òfin gbà pé kí a kọ ọ́ bí ẹni pé ó ti dájú, nítorí pé àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí àìsàn rẹ̀ dájú. Àlàyé yìí lè tẹ́ ẹni tí ń ṣírò owó lọ́rùn. Kò tẹ́ wa lọ́rùn.

J45.9 gan-an ni ó ká wa lára jù. Àìmọ̀ méjì ni ó ń fara pamọ́ sínú àmì kan yìí. Dókítà kan wà tí ó béèrè gbogbo ohun tí ó yẹ: ṣé ọmọ máa ń wúkọ́ lóru, ṣé ẹnìkan nínú ẹbí ní i, ṣé èéfín igi ìdáná ń kún yàrá tí ó ń sùn? Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kò lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn èémí bí ó ti yẹ. Nítorí náà dókítà náà dúró níbi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Èkejì kò béèrè ohunkóhun, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́, èrò sì pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àmì kan náà ni àwọn méjèèjì yóò fi sílẹ̀. Àìmọ̀ ti àkọ́kọ́ jẹ́ òtítọ́. Ti èkejì jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ tí ó wọ aṣọ òtítọ́. (A kò sọ èyí láti dá nọ́ọ̀sì tí ó ń wo ogójì aláìsàn lẹ́bi. Ẹni tí ó fi òun nìkan síbẹ̀ ni kí a bi léèrè.)

Àwọn kan yóò sọ pé kí a tètè dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ikọ́ fée tí a kò dárúkọ lè pa ọmọ. Òótọ́ ni. Àwọn mìíràn yóò ní orúkọ a máa ro ọmọ: ẹni tí ìwé bá ti pè ní oníkọ́ fée, wọn yóò máa lé e kúrò lórí pápá ní ilé ẹ̀kọ́, bóyá lórí ìfura tí kò tíì dájú. Òótọ́ ni èyí náà. Ṣùgbọ́n a rò pé àwọn méjèèjì ti so ohun méjì pọ̀ tí ó yẹ kí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìtọ́jú kò ní láti dúró de orúkọ. Dókítà lè fún ọmọ kékeré ní oògùn ikọ́ fée fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta láti wo bí ara rẹ̀ yóò ti gbà á, kí ó sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìdánwò. Bí ó bá kọ « ìgbà kẹta tí àyà ń súfèé láàárín oṣù mẹ́ta, a fura sí ikọ́ fée, a kò tíì lè wọn èémí », ó ti sọ ohun tí ó rí, ó sì ti sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Ìlà kan péré ni.

Ìyá ọmọ náà yóò ká carnet náà sínú àpò rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá tún dé, ó lè jẹ́ Kétu ni wọ́n wà, tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tí àyà ọmọ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé ní òru. Nọ́ọ̀sì tí yóò ṣí ìwé náà lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì kò mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó ti kọ̀wé sínú rẹ̀, kò sì ní rí wọn bi léèrè.