OBÌNRIN ỌLỌ́GBỌ́N ARÁ ÁBẸ́LÌ

Ẹ̀kọ́ kíkà: 2 Sámúẹ́lì 20:14–22

Jóábù kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn ará Ábẹ́lì. Ó lé Ṣébà dé ibẹ̀, ó mọ òkìtì ti ìlú náà, àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí bi odi wó. Obìnrin kan, tí Ìwé Mímọ́ kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, ni ó ké láti inú ìlú pé òun fẹ́ bá ọ̀gágun sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ ni ó tó hàn pé ẹnì kan ṣoṣo ni Jóábù ń wá. Nítorí ẹnì kan, odindi ìlú! (Orí Ṣébà ni wọ́n gé fi parí ọ̀ràn náà. Èmi kò pe èyí ní ìparí tí ó dára, ṣùgbọ́n ìlú yè.)

Ẹ wo ọ̀ràn Súẹ́sì ní 1956. Ní oṣù Keje ni Nasser, olórí Íjíbítì, gba ọ̀nà omi tí a fi ọwọ́ gbẹ́ náà fún ìjọba rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bínú. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe asán, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú epo Yúróòpù ń gbà kọjá. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá, Ìgbìmọ̀ Aláàbò ti fi ohùn kan gba ìlànà mẹ́fà tí a ó fi yanjú rẹ̀. Ó ku kí wọ́n jókòó sọ ìyókù.

Ibòmíràn ni wọ́n lọ jókòó. Láti ọjọ́ 22 sí 24 oṣù náà, ní Sèvres lẹ́bàá Paris, àwọn méjèèjì bá Ísírẹ́lì mulẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀: Ísírẹ́lì yóò kọlu Íjíbítì, àwọn yóò sì wá bí onílàjà. Ní ọjọ́ 29 ogun bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 bọ́ǹbù àwọn onílàjà bẹ̀rẹ̀ sí bọ́. Íjíbítì ri ọkọ̀ sínú omi títí ọ̀nà fi dí pátápátá. Ọ̀nà tí wọ́n ní àwọn wá dáàbò bò, ogun wọn ni ó tì í, kò sì ṣí tán títí di oṣù Kẹrin 1957. Amẹ́ríkà pàápàá kọ̀ fún wọn, Eden, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sì fi ipò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kú ní Port Said kò jí.

Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú mọ̀ ọ́n: bí alágbára bá yọ idà, ilé ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀ràn ni ó ń jó.

Ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn ìlú tí odi wọn ń wó lónìí, kí Olúwa gbé obìnrin kan dìde tí yóò ké láti inú wọn, kí ó sì fún Jóábù ní etí ìgbọ́ràn.