Ojú Tí A Yàn Fún Ẹlòmíràn

Bí ó ti wù kí ènìyàn gbọ́n tó, bí ó sì ti wù kí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó, ọ̀rọ̀ yíyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sáré parí, nítorí ohun tí a bá yàn ni yóò máa bá wa jí, tí yóò máa bá wa sùn, tí a ó sì máa fi ojú rẹ̀ wo ayé títí di ọjọ́ tí agbára wa yóò fi ká òmíràn. Àwọn baba wa mọ èyí dájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìtàn yíyàn lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, wọ́n ní kí ọmọ ènìyàn tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ayé rárá ni ó ti dé ọgbà Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí, tí ó sì ti yan orí tí yóò gbé wáyé. Ọ̀rọ̀ kan tí ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ ńlá yìí wò: ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ onífọ́tò ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Ìgàndó, tí ó ti ń da àjọ bọ̀ látọjọ́ pípẹ́, tí ó sì fẹ́ ra lẹ́ǹsì kan ṣoṣo tí yóò máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ ró lójoojúmọ́, èyí tí àwọn onífọ́tò ń pè ní súùmù f/2.8. Ta ni ó ń yàn án fún?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ilẹ̀ tí a dúró lé. Ilẹ̀ Àwórì ni Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn àdúgbò mẹ́ta yìí wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ ọmọ Olófin Ògúnfúnminíre, tí ìtàn sọ pé ó tẹ̀ lé àwo lójú omi títí àwo fi rì. Ṣùgbọ́n gbogbo ìran Yorùbá àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ni ó ti wá fi ibẹ̀ ṣe ilé, tó bẹ́ẹ̀ tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 fi ka 1,277,714 ènìyàn níbẹ̀, iye tí kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn tí ó tó o ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó. Ibi tí èrò bá pọ̀ tó báyìí, ayẹyẹ kò lè wọ́n níbẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di òru ọjọ́ Àìkú, bí a ti ń sọ ọmọ lórúkọ ní ojúlé kan ni a ń ṣe òkú àgbà ní ojúlé kejì, tí wọ́n ń ṣe wòlímọ̀ ní àdúgbò òkè, tí àwọn onígbàgbọ́ sì ń ṣe àìsùn ní ìsàlẹ̀. Ẹ wá wo irú ìmọ́lẹ̀ tí ó wà níbi ayẹyẹ wọ̀nyí. Gílóòbù pupa kan ṣoṣo ni ó wà nínú yàrá tí a ti ń sọmọ lórúkọ ní kùtùkùtù, yàrá inú ilé onípalapálá tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, tí ẹ̀yìn onífọ́tò yóò ti kan ògiri kí gbogbo ẹbí tó wọ inú kámẹ́rà rẹ̀ tán. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, iná aláwọ̀ búlúù àti pọ́pù ni wọ́n tàn. Lábẹ́ àtíbàbà ojú títì, jẹnẹrétọ̀ a máa mí gúlegúle, iná a sì máa ṣẹ́jú. Ìgbà tí ìyá àgbà bá wá gbé ọmọ lé ọwọ́, tí ó gbójú sókè láti wúre, ìgbà náà gan-an ni iná yóò wálẹ̀.

Lẹ́ǹsì tí ó máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí, èyí tí ó ń lọ láti 18 dé 55 mìlímítà, kò lè ríran dáadáa níbẹ̀. Ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti f/3.5, ṣùgbọ́n bí a bá ti fà á dé òpin, ó ti di f/5.6, bí nọ́ńbà yìí bá sì ti ń ga sí i ni ihò ń kéré sí i. Ẹ jẹ́ kí a fi 50 mìlímítà ṣírò rẹ̀: ní f/5.6, ihò náà fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 9, ní f/2.8, ó fẹ̀ tó 18. Fífẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tí ń gbà á kọjá sì di ìlọ́po mẹ́rin. Fọ́tò tí ìbá gba ìdá kan nínú 30 ìṣẹ́jú-àáyá yóò wá gba nǹkan bí ìdá kan nínú 125, ìyàtọ̀ yìí ni ó sì wà láàárín ètè ìyá àgbà tí ó hàn kedere bí ó ti ń pe orúkọ ọmọ, àti ètè tí ó dàrú mọ́ra bí ẹni pé ọwọ́ kan nù ún. Súùmù, lẹ́ǹsì tí a lè fi fa àwòrán súnmọ́ tàbí tì í sẹ́yìn láìkúrò lójú kan, wúlò nítorí pé ọ̀nà kò sí láti rìn: onífọ́tò kò lè fẹ̀yìn ya ògiri ilé onílé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ máa rìn gbẹ̀rẹ̀ níwájú pẹpẹ nígbà tí àwọn ènìyàn wà lórí ìkúnlẹ̀. Kì í ṣe òní ni súùmù f/2.8 ti wà. Ní ọdún 1959 tí ilé-iṣẹ́ Voigtländer ní Jámánì gbé Zoomar jáde, lẹ́ǹsì súùmù àkọ́kọ́ tí a tà fún kámẹ́rà afọ́tò tí ń lo fíìmù 35 mìlímítà, 36 dé 82 ni ó ń lọ, f/2.8 sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn kan yóò ní fíláàṣì ń bẹ, kí ni a ń wá kiri? Èmi kò bá fíláàṣì jà. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n fíláàṣì a máa lé ìmọ́lẹ̀ tí ó bá nílé jáde, a sì fi tirẹ̀ rọ́pò. Àbẹ́là tí àwọn ọmọ ìjọ tàn, tí wọ́n sì ń wo ojú ara wọn nínú rẹ̀, a di ohun tí kò sí mọ́. Àwọ̀ dúdú tí ń dán lójú ìyàwó a di eérú, òógùn iwájú orí bàbá a sì máa kọ mànà bí irin. Lẹ́ǹsì tí ojú rẹ̀ là a máa gba ohun tí onílé fi ṣe é lálejò. Ìwà ni mo kà á sí, n kò kà á sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọgbà Àjàlá. Ifá sọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ń bọ̀ wá sáyé, Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìjà, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a, wọn kò sì ní sùúrù láti dúró dè é. Wọ́n wọ ibi tí orí wà, wọ́n gbé èyí tí ó tóbi tí ó sì dára lójú, láìmọ̀ pé iná kò tíì jó o dénú. Òjò pa wọ́n lọ́nà, amọ̀ ń rẹ̀ dànù, ìgbà tí wọ́n sì dé ayé, gbogbo èrè iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi ń tún orí ṣe. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ dúró. Ó bá olówó-èlé tí ń sin gbèsè nílé Àjàlá, ó san án, ìgbà náà ni Àjàlá tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà tí ó sá sí. Àjàlá mú un wọlé, ó ń fi ọ̀pá irin lu orí kọ̀ọ̀kan wò, títí ó fi kan èyí tí ó dún ganran, èyí tí iná ti jó gbẹ, ó ní gbé e.

N kò mọ ìtàn tí ó bá ẹni tí ń lọ sí ọjà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà láti ra lẹ́ǹsì tòkunbọ̀ mu ju èyí lọ. Lẹ́ǹsì wà tí ara rẹ̀ ń dán, tí òrùka pupa rẹ̀ ń pe ènìyàn, ṣùgbọ́n tí èbu ti hù sáàárín gíláàsì rẹ̀ nítorí ọ̀rinrin àti òkùnkùn ibi tí wọ́n kó o pamọ́ sí. A kì í rí èbu yìí bí a bá kàn gbé lẹ́ǹsì lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí a ṣí ìdérí méjèèjì kúrò, kí a tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, kí a wò ó láti iwájú ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, nígbà náà ni fọ́nrán tín-ín-rín tí ó tàn bí òwú aláǹtakùn yóò tó yọjú. Kí a yí òrùka súùmù lọ síwá sẹ́yìn, kí a fi ọwọ́ gbọ́ bóyá iyanrìn ń bẹ nínú rẹ̀. Kí a ya pátákó kan tí ó kún fún lẹ́tà ní f/2.8, ní ìbẹ̀rẹ̀ súùmù àti ní òpin rẹ̀, kí a sì fẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú kámẹ́rà wò. Ọ̀pá irin Àjàlá nìyẹn, ẹni tí ó bá ní kí o má lù ú wò, fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìtàn náà àti ọ̀rọ̀ tiwa yà síra. Orí tí Afùwàpẹ́ yàn, tirẹ̀ ni. Bí ó bá gbè é, òun ni yóò jẹ ẹ́, bí kò bá gbè é, òun ni yóò sunkún. Lẹ́ǹsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó rà á wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà gbogbo, kì í sí nínú fọ́tò. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ohun tí ó wu ẹni ni í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, n kò sì sọ pé irọ́ ni; ṣùgbọ́n ọrọ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ wa ni ó wà, ti ẹlòmíràn ni. Ìyá ìkókó tí kò ní rí irú àárọ̀ yẹn mọ́ láyé rẹ̀, òun ni ó ni lẹ́ǹsì onífọ́tò láàárín wákàtí náà.

Ìran Yorùbá kò sì fi fọ́tò ṣeré rí. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, tẹ ohun tí ó rí ní Ìlá Ọ̀ràngún jáde: bí ọ̀kan nínú ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn bá ti padà sọ́run kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn, onífọ́tò a ya èyí tí ó ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ méjèèjì sójú ìwé kan bí ẹni pé àwọn méjì ni ó jókòó, ìdílé a sì gbé fọ́tò náà sí ibi tí ère ìbejì ìbá wà. Ẹ ro ohun tí èyí béèrè lọ́wọ́ onífọ́tò ìgbà náà. Mo sì ń rántí J. D. 'Okhai Ojeikere, tí a bí ní 1930 tí ó sì kú ní 2014, tí kámẹ́rà rẹ̀ àkọ́kọ́, Brownie D tí ó rà ní 1950, kò ní fíláàṣì rárá. Láti 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àti irun kíkó àwọn obìnrin Nàìjíríà, títí ó fi di àkójọ ńlá tí gbogbo ayé ń wò. Wọn a máa fi irú rẹ̀ sọ pé irinṣẹ́ kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oòrùn wà fún kámẹ́rà tí kò ní fíláàṣì, ẹni tí a pè síbi àìsùn ní Ìkòtún ní aago méjì òru kò ní oòrùn.

Ẹ̀bi kan sì wà nínú ojú tí ó là yìí, èyí tí àwọn tí ń tà á kì í sọ. Bí ihò bá ti tóbi tó ni ibi tí ó mọ́ kedere nínú fọ́tò ń kéré tó. Kámẹ́rà tí ojú agbàwòrán inú rẹ̀ tóbi, ní 50 mìlímítà àti f/2.8, bí ẹni tí a ń yà bá wà ní mítà mẹ́ta, ibi tí ó mọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Ẹ wá to ẹbí olóòkú jọ. Àwọn tí ó lówó, tí ó ra aṣọ, tí ó mú ẹgbẹ́ wá, ni yóò jókòó síwájú. Àbúrò bàbá tí ó wọ ọkọ̀ wá láti abúlé, ọmọbìnrin tí ń dáná láti òru àná, wọn yóò dúró sẹ́yìn. Ní f/2.8, ojú àwọn tẹ̀yìn yóò ṣú, fọ́tò yóò sì dára lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹni tí a bá sì bo ojú rẹ̀ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Kí onífọ́tò ti ihò náà dé f/8, ibi tí ó mọ́ yóò lé ní mítà kan àbọ̀. Ìmọ́lẹ̀ yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ, nítorí náà kí ó kó wọn jáde síta tàbí kí ó mú fíláàṣì tí mo ti bá wí lẹ́ẹ̀kan jáde. Ọjọ́ tirẹ̀ nìyí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: kámẹ́rà tí ojú agbàwòrán rẹ̀ kéré kò nílò 24 dé 70, yóò há a mọ́ inú yàrá, 17 dé 50 tàbí 18 dé 50 ni tirẹ̀. Orúkọ ńlá kọ́ ni ó ń ríran. 24 dé 70 GM tí Sony gbé jáde ní 2016 wúwo tó gíráàmù 886. 28 dé 75 ti Tamron tó jáde ní 2018, gíráàmù 550 péré, owó rẹ̀ sì rẹlẹ̀ jìnnà. 18 dé 50 ti Sigma, ọdún 2021, kò ju 290 lọ. Ẹni tí ó gbé kámẹ́rà lọ́wọ́ láti àárọ̀ ìgbéyàwó títí ilẹ̀ fi ṣú mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ ní ọrùn ọwọ́. Ní tèmi, èyí tí kò wọ́n tí gíláàsì rẹ̀ mọ́ sàn ju olórúkọ tí a yá owó èlé rà lọ. Gbèsè ni ó gbé Àjàlá fúnra rẹ̀ gun àjà, bí ó ti jẹ́ ọ̀gá alámọ̀ tó. Onífọ́tò tí olówó-èlé ń wá yóò gba iṣẹ́ mẹ́ta lọ́jọ́ kan, yóò sì fi ojú kan náà sáré kọjá lórí ìyá mẹ́ta.

Nítorí náà, ìwọ tí o ti fẹ́ kó àjọ rẹ, mo bẹ̀ ọ́, fi alẹ́ kan jókòó ti àwọn fọ́tò tí o ti yà sẹ́yìn. Kámẹ́rà a máa kọ mìlímítà àti f tí o lò sínú fáìlì fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Wo èyí tí ó dàrú, kí o sì bi ara rẹ bóyá òkùnkùn ni ó bà á jẹ́ tàbí ìkánjú. Bí òkùnkùn bá ni, lọ ra f/2.8 náà, mú tọ́ọ̀ṣì dání, má sì jẹ́ kí wọ́n kán ọ lójú.