Òfìfo Ilé Ìjọsìn àti Òfìfo Ọkàn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, nínú ètò ìkànìyàn ilẹ̀ England àti Wales ní ọdún 2011, ènìyàn 25 nínú 100 ni ó sọ pé àwọn kò ní ẹ̀sìn kankan. Ní 2021, wọ́n ti di 37. Ní 2018, ìjọba Bìrìtìkó yan mínísítà tí yóò mójú tó ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà. A kò sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì, nítorí onísìn pàápàá a máa dá wà. Ohun tí a mọ̀ ni pé ẹni tí ó fi ilé ìjọsìn sílẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè náà: kí ni a wá ṣe láyé?

Ní Brick Lane, ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé kan wà tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì tí ó ti ilẹ̀ Faransé wá kọ́ ní 1743. Ó di sínágọ́gù àwọn Júù lẹ́yìn náà. Ní 1976, ó di mọ́sálásí. Àwọn kan nínú wa a máa fi èyí yọ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ṣe àríkọ́gbọ́n: ògiri kì í pa ẹ̀sìn mọ́, ènìyàn ni.

Lọ́dọ̀ tiwa, mọ́sálásí ń kún dé títì lọ́jọ́ Jímọ̀. Ṣé ìyẹn tó ní ẹ̀rí? Sūratul-Mā‘ūn so ìrun pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ òrukàn, tálákà àti ohun èlò kékeré tí aládùúgbò wá yá. Àwọn ọmọ wa ń wò wá. Wọ́n rí àpá ìforíkanlẹ̀ níwájú orí wa. Wọ́n sì rí òṣùwọ̀n tí a dín kù lọ́jà. Nígbà tí wọ́n bá béèrè ìdí, a ó ní kí wọ́n panu mọ́. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fi ẹ̀sìn sílẹ̀ lọ́la, a kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi náà ru Òyìnbó.

Nítorí náà, kí Jímọ̀ mìíràn tó dé, kí olúkúlùkù wa bẹ ọmọ òrukàn kan wò, kí á sì fi sùúrù dáhùn ìbéèrè ọmọ kan nínú ilé wa. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí mọ́sálásí wa kún, kí ọkàn wa sì ṣófo. Āmīn.